Ẹ̀fọ́ inú ìgò fún ọbẹ̀ ìgbà òtútù: ká fi iyọ̀ po ó ni, àbí ká se ìgò?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà, sẹ́lẹ́rì, líìkì àti pásílì ni mo fẹ́ gé sígò, kí n máa bù ú sọ́bẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Àwọn kan ní kí n fi iyọ̀ po ó ní tútù. Àwọn mìíràn ní kí n se ìgò náà nínú omi fún wákàtí kan, kí n tò ó sórí pẹpẹ. Èwo ni kò léwu? Kí ló sì ń mú kí òkè ìgò máa hó bí ọṣẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì?

Èsì kìíní
Oníyọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe. Kílò 1 ẹ̀fọ́ ń gba iyọ̀ 200 gíráàmù: kárọ́ọ̀tì 400, àlùbọ́sà 200, sẹ́lẹ́rì 200, líìkì 150, pásílì 50. Ẹ bó wọn kẹ́ ẹ tó wọ̀n wọ́n. Orí òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ ti wọn iyọ̀ o, ẹ má fi ife bù ú, torí iyọ̀ oníhóró àti iyọ̀ kíkúnná kì í wúwo bákan náà nínú ife kan.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ ewé, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí omi ara rẹ̀ á sọ agbára iyọ̀ di kékeré. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ fi iyọ̀ po ó nínú abọ́ gíláàsì, ẹ dé e, kó wà nínú fíríìjì fún wákàtí 12. Á sun omi. Ẹ má da omi yẹn nù! Òun ló ń bo ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ra nínú ìgò tẹ́ ẹ ti sè fún ìṣẹ́jú 10, kí afẹ́fẹ́ má há sáàárín, ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sílẹ̀ lókè. Inú fíríìjì ló ń gbé.

Èsì kejì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ti pẹpẹ. Àwọn ẹ̀fọ́ yìí kò kan, pH wọn (òṣùwọ̀n kíkan: bó bá ṣe kéré sí ni nǹkan ṣe ń kan sí) ju 4.6 lọ. Clostridium botulinum, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń pèsè oró, ní irúgbìn tí omi híhó, 100°C, kò lè pa, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí ló sì ti ń gbèrú. Ìgò tẹ́ ẹ sè tẹ́ ẹ dé pa gan-an ló ń wá. Oró rẹ̀ lè wà níbẹ̀ láì rùn, láì yí àwọ̀ padà. Àfi ìkòkò préṣọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìgò, tó ń gbóná dé 116°C sókè. Òróró tí àwọn kan ń dà lé e lórí kò gbà á sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló tún ń lé jáde.

Èsì kẹta
Tó bá ń hó, tó sì ń rùn kíkan, iyọ̀ ló kéré. Tó bá hu irun funfun, ẹ̀fọ́ ló yọrí kúrò nínú omi rẹ̀. Ẹ da ìgò náà nù, ẹ má kàn bu òkè rẹ̀ dànù. Iyọ̀ máa ń dípẹtà sí ìdérí onírin, ẹ fi ti ọ̀rá.

Ṣíbí ọbẹ̀ 1, bíi 20 gíráàmù, ti gbé iyọ̀ bíi 3 gíráàmù dání. Ṣíbí 2 tó fún lítà 1. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó ronú kan iyọ̀ mìíràn.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè dín iyọ̀ kù sí 100?

Èsì kejì
Rárá. Ẹni tí kò fẹ́ iyọ̀, kó dì í láìníyọ̀ nínú àwo tí wọ́n fi ń dì yìnyín, kó kó o sínú ọ̀rá, kó má kúrò nínú fírísà.