Báwo la ṣe ń fi Sáàmù 88 gbàdúrà pẹ̀lú ọlọ́fọ̀?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Sáàmù 13 rọrùn láti lò pẹ̀lú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀: ẹsẹ 1 sí 2 jẹ́ ìráhùn, 3 sí 4 jẹ́ ẹ̀bẹ̀, 5 sí 6 jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ kà á jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan, kí ọlọ́fọ̀ ráyè sunkún.

Àmọ́ inú òkùnkùn ni Sáàmù 88 parí sí. Bí a bá ti ka ẹsẹ 18 tán báyìí, ẹnìkan á ti ké "Halelúyà!", á dárin ìyìn, ọlọ́fọ̀ á sì gbé ẹkún rẹ̀ mì. Ìyẹn ò dáa rárá. Ṣé ká dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni, àbí Àdúrà Olúwa ló yẹ kó tẹ̀ lé e? Báwo lẹ ṣe ń kìlọ̀ fún àwọn akọrin ṣáájú?