Omi ìgbẹ́ ń ṣàn wọ odò ẹ̀yìn ilé wa ní Festac, báwo la ṣe ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Festac á mọ̀ pé páìpù ìgbẹ́ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà FESTAC 77 la jọ ń lò, kì í ṣe pé kálukú ní sọ́kàwéè tiẹ̀. Máńhóòlù òpin kúlóòsì wa ti dí láti bí oṣù mẹ́ta, tójò bá ti rọ̀ báyìí á ru sókè, gbogbo ẹ̀ á wọ gọ́tà, gọ́tà á gbé e lọ sódò tààrà. Àwọn kan ṣì ń pẹja níbẹ̀ o!

A dáwó pe àwọn tó ń fi mọ́tò fa ìgbẹ́, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi dáa. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní ti ìjọba àpapọ̀ ni, mo débẹ̀, àwọn yẹn ní ti ìpínlẹ̀ ni, wọ́n ní fídíò mi ò tó ẹ̀rí, kí n mú èsì àyẹ̀wò omi odò náà wá (bíi pé wọn ò nímú).

Mo ti gbọ́ pé ìgò tí ò ní kòkòrò àìfojúrí kankan nínú ni wọ́n ń bu omi ẹ̀ sí, kí wọ́n fi yìnyín sí i, kó má sì pẹ́ kó tó dé láàbù. Láàbù wo l'Ékòó ló ń ṣe é fún ẹni tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́, èló sì ni? Tó bá jẹ́ èmi ni mo bu omi yẹn fúnra mi ńkọ́, ṣé ìjọba á gba èsì ẹ̀ àbí àfi kí òṣìṣẹ́ wọn wà níbẹ̀?