Ìrírí àwọn tó ń kó ọmọ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù inú bárékè: ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ múra kí ẹ tó dé géètì

Ará Ìgbógbó:
Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀yin tíṣà tó fẹ́ kó ọmọ iléèwé lọ wo mùsíọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ní Zaria. Inú Chindit ló wà, bárékè gidi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ sọ́jà. Ẹ má fojú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Àgbádárìgì wò ó, níbi tí èèyàn á ti dé, tí á sanwó, tí á wọlé. Ibí yìí, iṣẹ́ sọ́jà ló ṣáájú, àlejò ló tẹ̀ lé e.

Lẹ́tà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ máa dé sí i, iye ọmọ, iye àgbàlagbà, nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ awakọ̀. Orúkọ inú lẹ́tà gbọ́dọ̀ bá ti orí káàdì ìdánimọ̀ mu pátápátá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìrìn ti ń bàjẹ́ nìyẹn: wọ́n á kọ ìnagijẹ tí gbogbo gáréèjì fi ń pe awakọ̀, orúkọ mìíràn á wà lórí láísẹ́ǹsì rẹ̀, odindi bọ́ọ̀sì á wá dúró sí géètì nítorí ẹnì kan. Tí wọ́n bá gba lẹ́tà yín, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, torí ẹni tó wà ní géètì lè gba ọ̀kan kó má dá a padà. Kó ku ọjọ́ méjì, ẹ tún pè wọ́n. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń yan fún ìparí ẹ̀kọ́, ẹ yáa sún ti yín.

Láti Ìkòròdú dé ibẹ̀ lé ní 800 kìlómítà. Ẹ sùn sínú ìlú kí ilẹ̀ ó mọ́.

Ìyá Ìjẹdẹ̀:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fi ti géètì kún un. Kí awakọ̀ ti máa rọra láti òkèèrè. Kó pa iná iwájú, kó yí gíláàsì sílẹ̀, bí ilẹ̀ ò bá sì tíì mọ́, kó tan iná inú ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ ṣàdédé ti ọkọ̀ sẹ́yìn, torí ẹni tó fẹ́ sá lọ ni wọ́n á rò pé ó jẹ́.

Ẹ tú báàgì àwọn ọmọ wò nílé. Aṣọ, fìlà tàbí báàgì aláwọ̀ sọ́jà, kódà kó jẹ́ òkìríkà tí wọ́n rà ní Ṣábọ̀, òfin ò gbà á fún aráàlú.

Ní ti fọ́tò, ohun tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù nìkan ni kí ẹ bèèrè bóyá ẹ lè yà. Géètì, ọ́fíìsì, ilé sọ́jà, ọkọ̀ wọn, ẹ má yà á rárá. Ohun tó ń fa wàhálà jù ni kí ọmọ dúró ti àgbá tó wà níta, kí ọ́fíìsì ọ̀gá wá hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri ni kó wà lẹ́yìn ohun tí ẹ bá ń yà. Bí fèrè bá sì dún, tí wọ́n ń fa àsíá sókè tàbí tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ dúró gbọnin níbi tí ẹ bá wà títí yóò fi parí.

Bàbá Àgbọ̀wá:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń wọlé tó ń jáde láìmọ ohun tó wò, ó sì ń dùn mí. Orúkọ bárékè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Chindit ni ọmọ ogun Wingate, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ẹ̀yìn àwọn ọmọ ogun Japan wọ igbó Bọ́mà (Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lọ́dún 1944, bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Nigeria Regiment, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà lára wọn. "Chinthe", kìnnìún tí wọ́n ń gbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì níbẹ̀, ni orúkọ náà ti wá. Bárékè Arakan tó wà ní Àpápá, Myohaung ní Yábàá, Dodan ní Ìkòyí, ogun Bọ́mà kan náà ló bí orúkọ wọn. Bí ẹ bá rí àmì aláǹtakùn dúdú, ti Dífíṣọ̀nù 81 àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìyẹn. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Tó bá kan ìbọn, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹnu ni wọ́n ti ń rọ ètù sí ṣakabùlà, wọ́n á wá fi ọ̀pá kì í. Òkúta ló ń ṣáná sí i, tí ètù bá ti tutù, kò ní yìn. Ìdí ìbọn ni Snider, ìbọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé lẹ́yìn ṣakabùlà, ti ń gba ọta. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí ìdérí irin kékeré tó ń ṣí sọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣakabùlà lè yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan, Snider á yìn tó ìgbà mẹ́wàá. Ìyẹn ló jẹ́ kí Èkìtì Parapọ̀ wá a dé Èkó nígbà ogun Kírìjì (1877 sí 1893). Lára irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn ayé ọjọ́un, ẹ wá àmì adé, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti TOWER tàbí ENFIELD. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án: iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́, bó bá pẹ́, ìpẹtà á yọ níbi tí ìka ti kàn.

Ọdún 1863 ni àwọn ọmọ ogun wa ti ń ka ọjọ́ orí wọn, láti ìgbà tí Glover, ọ̀gá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn Haúsá jọ ṣe ọmọ ogun l'Ékòó. Lóṣù Kẹta ọdún 1865, Ìkòròdú, ìlú wa yìí, ni Ẹ̀gbá dó tì, rọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun tí Glover rán fi tú àgọ́ Ẹ̀gbá ká. Ibi tí ẹ bá ti rí 1863 lára ògiri, ẹ kó àwọn ọmọ dúró níbẹ̀. Bí ẹni tó ń mú yín kiri ò bá dárúkọ Ìkòròdú, ẹ bi í.