Bọ́ṣìn iwájú ọkọ̀ mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ti tún ń dún o, kí ló fà á?

Ọmọ Ágíríìkì:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bá mẹkáníìkì mi fa wàhálà. Accord 2000 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Baby Boy. Ìgbà kan wà tí iwájú ẹ̀ ń dún gbọ̀ gbọ̀ gbọ̀ tí mo bá ti kó sí kòtò, tí mo bá tẹ bíréèkì á máa fà lọ sápá òsì, mẹkáníìkì wá fi irin gbọọrọ gbé lower arm, apá irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, sókè sódò, mo fojú ara mi rí i bó ṣe ń jó nínú ihò, bọ́ṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà nínú ihò lower arm tí bóòtù ń gbà kọjá, ti là pátápátá. A ra tuntun, tọ̀tún tòsì, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo sanwó, ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kò pé oṣù mẹ́ta o! Ariwo ti padà, táyà iwájú sì ti ń jẹ nínú. Mẹkáníìkì ní ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ tí mò ń gbà lójoojúmọ́ ló ń ba bọ́ṣìn jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Ìbejì:
Ayédèrú lo rà, kò sí nǹkan míì ńbẹ̀. Èmi ò kì í ra bọ́ṣìn lásán mọ́, odidi lower arm tòkunbọ̀ ni mo máa ń lọ rà ní Ládípọ̀, wọ́n á kàn tú ti tẹ́lẹ̀ wọ́n á de èyí, ó parí.

Wáyà Sábó:
Bàbá Ìbejì ẹ má bínú sà, tòkunbọ̀ yẹn náà, ta ló mọ ọdún mélòó tí rọ́bà ẹ̀ ti lò lọ́hùn-ún? Bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ dúró sójú kan rọ́bà á gbó. Ọmọ Ágíríìkì, ìbéèrè kan ni mo ní: nígbà tó ń fún nọ́ọ̀tì ìkẹyìn, ṣé táyà wà nílẹ̀ ni àbí ọkọ̀ ṣì wà lókè?

Ọmọ Ágíríìkì:
Òkè ló wà ọ̀gá mi, ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ̀ dirodiro. Ó fún gbogbo ẹ̀ tán kó tó já a sílẹ̀.

Wáyà Sábó:
Ẹn ẹ́n! Ibẹ̀ náà ni. Ṣé ẹ rí irin róbótó tó wà láàrin bọ́ṣìn tí bóòtù ń gbà kọjá, tí ẹ bá ti fún nọ́ọ̀tì, irin yẹn ò lè yí mọ́, rọ́bà nìkan ló ń lọ́ síwá sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń gòkè ń sọ̀. Tí wọ́n bá wá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, tí ọkọ̀ bá délẹ̀, lower arm á gbéra, rọ́bà á ti lọ́ mọ́ra kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ lá ṣe wà tọ̀sán tòru, kòtò kékeré báyìí á fà á ya. Bọ́ṣìn ìbáà jẹ́ ojúlówó, kò lè pẹ́.

Kó dẹ nọ́ọ̀tì sílẹ̀, kó fi jáàkì ti lower arm lábẹ́ títí ìwúwo ọkọ̀ á fi jókòó lé e, bó ṣe máa ń wà tí ẹ bá ń wà á gan-an, ìgbà yẹn ni kó fún un. Kí ọkọ̀ wà lórí stand, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gbé ọkọ̀ dúró o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú jáàkì nìkan, mo ti rí nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Tí wọ́n bá sì ń tẹ tuntun wọlé, omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi pa á, kì í ṣe ọ́ìlì, ọ́ìlì á jẹ rọ́bà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn kí wọ́n to ẹsẹ̀ táyà kó gún régé, torí táyà tó ń jẹ nínú yẹn.

Àǹtí Ẹlẹ́pa:
Tiyín tiẹ̀ dáa, èyí tó ṣe tèmi gé táyà àlòkù ni, ó tì í sínú ihò, ó ní ó lágbára ju bọ́ṣìn lọ 😂 Ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ṣe é, Wáyà Sábó, mò ń fi tèmi bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ọmọ Ágíríìkì:
Mo dé o. A ti tú u lánàá, rọ́bà ti ya yípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin àárín bí Wáyà Sábó ṣe wí. Mo ra òmíràn, mo dúró tì í, mo ní kó fún un nígbà tí ìwúwo wà lórí ẹsẹ̀, ó kọ́kọ́ ń kùn pé ta ló ń kọ́ òun níṣẹ́, nígbà tó wo èyí tó ya yẹn dáadáa ó dákẹ́. Kò gbowó iṣẹ́. Aláìmẹ́ǹtì ló kù, mo máa ṣe é ní Sátidé.