GTX 1080 Ti àti RTX 4060: ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni, àbí kí n ṣì máa lò ó?

Àkànní:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. GTX 1080 Ti ni káàdì gíráfíìkì tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, èyí tí Nvidia gbé jáde lọ́dún 2017. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ta RTX 4060 rẹ̀ fún mi, ti ọdún 2023, ó ní tọwọ́ mi ti darúgbó. Àmọ́ nígbà tí mo gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ náà dojú rú. Mẹ́mọ́rì tèmi jẹ́ 11 GB, ti tuntun 8 GB. Ọ̀nà mẹ́mọ́rì tèmi fẹ̀ tó bit 352, ti tuntun ò ju 128 lọ. Kódà CUDA core, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò nínú káàdì, 3584 ni tèmi, 3072 ni tirẹ̀. Báwo ni èyí tó kéré lọ́nà gbogbo ṣe wá fẹ́ ju tèmi lọ? Géèmù ni mo ń ṣe jù, lórí mọ́níítọ̀ 1440p (píksẹ́lì 1440 lóròó), mo sì ń lo Blender, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Core i5-8400 ni processor mi.

Àjàní:
Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. Káàdì tìrẹ ti tó fẹ̀yìn tì.

Àdìgún:
Àkànní, má dá Àjàní lóhùn. Ìbéèrè rẹ mọ́gbọ́n dání. Àwọn èèyàn máa ń ka iye core bí ẹni pé core ọdún 2017 àti ti 2023 jẹ́ ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti 1080 Ti ń sáré dé nǹkan bí 1.58 GHz, ti 4060 ń dé 2.46 GHz. Ìyẹn nìkan ti tó dí àlàfo core 512 tó wà láàárín wọn, ó sì tún ṣẹ́ kù.

Ti mẹ́mọ́rì ló ta kókó jù. Lóòótọ́, 1080 Ti lè kó 484 GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 4060 ò ju 272 GB lọ. Àmọ́ cache L2 (mẹ́mọ́rì kékeré tó yára, tó wà nínú GPU, ọpọlọ káàdì, fúnra rẹ̀) inú 4060 tó 24 MB, ti 1080 Ti ò sì pé 3 MB. Ohun tí GPU bá ń lò léraléra, inú cache ló ti máa bá a, kò ní máa pààrà mẹ́mọ́rì. Ẹni tó ní àmù tó kún nínú ilé kì í lọ sódò ní gbogbo ìgbà. Ibi tí ọgbọ́n yìí ti ń kùnà ni tí àwòrán bá ti tóbi jù fún cache. Nínú géèmù tí kò lo ray tracing (ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn kiri), 4060 á ṣáájú rẹ díẹ̀ lórí 1080p, bí o bá sì ṣe ń gòkè lọ sí 1440p àti 4K ni àlàfo yẹn ń dín kù. Tó o bá ń retí kí fps (iye férémù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) di ìlọ́po méjì, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Iná ló ti jù ọ́ lọ pátápátá: 250 wáàtì ni tìrẹ ń jẹ, 115 ni ti 4060.

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ò tíì dé ibi tó ká mi lára. Ó ní òun ń lo Blender. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ o. 1080 Ti ò ní RT core, ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún ray tracing, rárá. Lóṣù kẹrin ọdún 2019, Nvidia fi driver (ètò tó ń darí káàdì) ṣí ray tracing sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n core lásán ló ń fi ṣe é, ó kàn ń wọ́ ni. Nínú Cycles, apá Blender tó ń parí àwòrán, 4060 á lo OptiX, ọ̀nà Nvidia tó ń mú RT core ṣiṣẹ́, ìyàtọ̀ náà ò kéré. Bẹ́ẹ̀ ni ti géèmù: DOOM: The Dark Ages tó jáde ní 2025 kò ṣeé ṣe lórí káàdì tí kò ní ẹ̀rọ ray tracing nínú. Gbogbo 11 GB yẹn ò lè ràn án lọ́wọ́. DLSS, ọgbọ́n Nvidia tó ń sọ àwòrán kékeré di ńlá kí fps lè gòkè, náà ò sí fún un, irú bíi FSR ti AMD ló kù tó lè máa fi tọ́jú ara rẹ̀.

Àṣàkẹ́:
Ẹ má ta 8 GB fún un bí ẹni ta wúrà. Lórí 1440p, tí ó bá gbé texture (àwòrán tó bo ara àwọn nǹkan inú géèmù) sókè, àwọn géèmù tuntun kan á kún 8 GB bámú. Tó bá ti kún, RAM kọ̀ǹpútà ni GPU á máa yá lò, ojú ọ̀nà PCIe tó so káàdì mọ́ motherboard ló sì máa gbà lọ síbẹ̀. Lane (ìlà ọ̀nà) 8 péré ni 4060 ń lò, motherboard tó ń gba i5-8400 sì jẹ́ PCIe 3.0. Ìdajì ojú ọ̀nà PCIe 4.0 tí wọ́n ṣe 4060 fún nìyẹn. Géèmù á máa ta kókó, bẹ́ẹ̀ fps tó ń hàn lókè á dà bíi pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ sì kíyè sí àwọn àtẹ tí ilé-iṣẹ́ fi ń polówó. Férémù tí frame generation, ètò tó ń fi férémù àfọwọ́dá sáàárín ti géèmù, fúnra rẹ̀ dá máa ń wà nínú iye yẹn. Ojú á rí i lóòótọ́, àmọ́ bọ́tìnì tó o tẹ̀ ò ní tètè dáhùn sí i.

Àdìgún:
Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun kan tún kù tó ń ti Àkànní lẹ́yìn kó kúrò lórí Pascal, ìran tí 1080 Ti wà: oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Nvidia gbé driver géèmù ìkẹyìn jáde fún ìran yẹn. Ti ààbò nìkan ló kù, títí di oṣù kẹwàá 2028. CUDA 13, ètò Nvidia tí wọ́n fi ń mú káàdì ṣe ìṣirò, náà ti yọ wọ́n kúrò.

Àmọ́ kí o tó náwó, dán nǹkan kan wò. Sọ géèmù tó o ń ṣe jù kalẹ̀ láti 1440p sí 1080p. Tí fps ò bá gbéra, processor ló ń dá ọ dúró.

Àkànní:
Ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo ti dán an wò. Èyí tí mo ń bá àwọn èèyàn ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò mira rárá. Àwọn tí mo ń dá ta fúnra mi, fps wọn gòkè dáadáa.

Àdìgún:
Fún ti àkọ́kọ́, káàdì kankan ò lè ṣe é lóore. Fún àwọn yòókù pẹ̀lú Blender, èmi ò ní gba 4060 yẹn. Wá RTX 3060, àlòkù tó ṣì dára náà tó. 12 GB ni mẹ́mọ́rì rẹ̀, lane 16 ló ń lò, ó sì ní RT core. Nínú géèmù lásán, òun àti tìrẹ jọra, RT core àti DLSS lo fi máa jèrè. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra, oríṣi 3060 kan wà tó jẹ́ 8 GB, bit 128 ni ọ̀nà mẹ́mọ́rì rẹ̀ dípò 192. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Àbẹ̀kẹ́:
Tí owó bá wà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? RTX 5060 Ti tó ní 16 GB?

Àdìgún:
Kó pààrọ̀ processor lákọ̀ọ́kọ́ ni. Àkànní, kí o tó sanwó, yá káàdì ọ̀rẹ́ rẹ wò ná, kí o fi iṣẹ́ Blender tìrẹ gan-an dán an wò. Fi DDU, ètò tó ń yọ driver, nu driver àtijọ́ kúrò kí o tó ki káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà rẹ.