Àbúrò mi ní ẹ̀ṣẹ̀ ni tí a bá ṣe Míísà fún bàbá wa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí bàbá wa sí, inú ìdílé Mùsùlùmí. Ọmọ Pópó Àgùdà ni màmá wa. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi jọ gbé, bàbá ò sọ fún màmá rí pé kí wọ́n má lọ Míísà. Lẹ́yìn tí bàbá fẹ̀yìn tì, àwọn fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń lọ kíláàsì katikísìmù, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n. Alẹ́ Sátidé ọdún Àjíǹde ni wọ́n fẹ́ rì wọ́n bọmi. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́. Àwọn ẹbí wọn sin wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì ṣe fidáù. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n a ò ṣe Míísà ìsìnkú fún wọn, ó sì ń dun màmá.

Ó ti fẹ́ pé ọdún kan báyìí. Màmá ti fi orúkọ bàbá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún Míísà.

Láti bí oṣù mẹ́jọ ni àbúrò mi ọkùnrin ti ń tẹ̀lé àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Míísà Látìnì ló kọ́kọ́ ń sọ, kò sì bí mi nínú. Ìyá màmá wa há gbogbo ìdáhùn Látìnì náà sórí títí wọ́n fi kú. Lẹ́yìn náà ló ní kò sí Póòpù mọ́ láti ìgbà tí Pius Kejìlá ti kú ní 1958. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ń jẹun lọ́wọ́, màmá dárúkọ Míísà yẹn. Ó ní bàbá ò fara kan omi, nítorí náà ọ̀run àpáàdì ni wọ́n wà. Pé ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ ìrìbọmi lè dípò ìrìbọmi, aládàámọ̀ ni. Ojú màmá ló ti sọ ọ́. Màmá gbé síbí sílẹ̀, wọ́n wọ yàrá lọ.

Ṣé òótọ́ ló sọ? Kí ni kí n ṣe? Ẹ má bú u o, ọmọ ìyá mi ni.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Mú màmá lọ rí Fadá lọ́la, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkàn wọn ni kó o kọ́kọ́ tọ́jú.

Katikíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, Yábàá: Ọmọ mi, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, irú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ kò ṣàjèjì sí mi. Nọ́ńbà 1259 nínú Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ, sọ ọ́ kedere: ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ tó bá kú kí ọjọ́ ìrìbọmi tó pé, ìfẹ́ tó ní sí i, pẹ̀lú ìrònúpìwàdà àti ìfẹ́ Ọlọ́run, fi ìgbàlà dá a lójú.

Àbúrò rẹ yóò ní ìwé ẹ̀yìn Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní 1962 sí 1965, nìyẹn, òun ò gbà á. Ó dáa. Fún un ní òfin 1239 nínú ìwé òfin Ìjọ ti 1917. Ó wà níbẹ̀ pé ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́, tó kú láìṣe ìrìbọmi, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kí wọ́n kà á mọ́ àwọn tó ti ṣe é. Ọdún mọ́kànlélógójì ni èyí fi ṣáájú 1958 tó ń pariwo rẹ̀.

Arákùnrin kan, Agége: Ẹ má bínú sí mi, mi ò fẹ́ kí màmá yín sunkún. Ṣùgbọ́n Jòhánù 3:5 ní omi àti Ẹ̀mí. Ìgbìmọ̀ Florence ní 1442 ní ẹni tó wà lóde Ìjọ kò lè rí ìyè àìnípẹ̀kun. Wọ́n á ní Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù mìíràn, sọ pé kò sí ìdáláre láìsí "omi tàbí ìfẹ́ rẹ̀". Bí mo bá ní kò sí ìgbéyàwó láìsí ìyàwó tàbí ọkọ, ṣé ọkọ nìkan ti tó nìyẹn? Mi ò lè fi òtítọ́ pamọ́ nítorí ẹkún.

Katikíìsì: Àwọn tó gbọ́n jù wá lọ ti ka Trent, arákùnrin mi. Alphonsus Liguori, Olùkọ́ Ìjọ, ka gbólóhùn yẹn, ó ní ara ìgbàgbọ́ ni pé ìfẹ́ ìrìbọmi ń gba ènìyàn là. Thomas Aquinas ti sọ ọ́ kí Trent tó jókòó rárá. Fadá Leonard Feeney ní Boston ló takú lórí irú èyí. Róòmù kọ lẹ́tà ní 1949 láti tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Ìjọ ní 1953 nítorí àìgbọ́ràn, wọ́n gbà á padà ní 1972. Lefebvre pàápàá, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ará Faransé tó di Míísà Látìnì mú, tó sì bá Róòmù jà tó bẹ́ẹ̀, gbà pé ìfẹ́ ìrìbọmi wà.

Ọmọ mi, kà èyí fún màmá rẹ. Ní 392, Valentinian Kejì, ọba Róòmù, kú kí Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, tó rì í bọmi. Àwọn arábìnrin rẹ̀ ń sunkún nítorí ìyẹn gan-an. Ambrose bi wọ́n pé kí ló tún wà lọ́wọ́ ènìyàn ju pé kó fẹ́ ẹ, kó sì béèrè fún un? Bàbá rẹ béèrè. Wọ́n fi orúnkún tó ń dùn wọ́n béèrè.

Má sì pe àbúrò rẹ ní aládàámọ̀ padà. Ẹni tó mọ ohun tí Ìjọ fi kọ́ni tó wá ń takú sí i la ń pè bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ yẹn kì í sì í ṣe tiwa.

Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ọ̀ṣòdì: Àǹtí, mo ti wà níbi tí àbúrò yín wà. Kì í ṣe ìwé ló gbé mi débẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́ níwájú Ọlọ́run ni mò ń wá. Póòpù nìkan la kọ́kọ́ ń pè ní aládàámọ̀. Láìpẹ́ ó kan àwọn ọmọlẹ́yìn Lefebvre, torí wọ́n ń dárúkọ Póòpù nínú Míísà. Lẹ́yìn náà ó kan ara wa, lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìrìbọmi yìí. Àwa mẹ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀ kan. Nígbà tó yá, èmi nìkan ni mò ń ka róṣárì níwájú fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún méjì ni mi ò fi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, torí mi ò gba fadá kankan gbọ́ mọ́. Ẹ bi í, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, pé níbo ló ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ti àwọn arábìnrin Valentinian yẹn fún màmá, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo pe àbúrò mi. Ó ní òun ò ní wá sí Míísà, ṣùgbọ́n kí n fi òfin 1239 náà ránṣẹ́. Mo bi í nípa ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò dáhùn, kò sì pa fóònù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Míísà. Èmi àti màmá la máa sọdá sí Èkó láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta.