"Ibùsádi" tàbí "ibùṣẹ́kù": kí ni kí á pe ibi tí àwọn ẹyẹ ti la ìgbà yìnyín já?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, mo ti ka àbá tí ó wà níwájú wa pé kí á máa pe ibi tí irú ẹyẹ kan ti la ìgbà yìnyín (ìgbà àtijọ́ tí òtútù mú, tí yìnyín sì bo ilẹ̀ púpọ̀) já ní "ibùsádi", kí á sì máa pe oríṣìíríṣìí jíìnì (ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lára òbí, tí ó ń pinnu bí ara rẹ̀ yóò ṣe rí) tí ó wà láàárín irú ẹyẹ kan ní "onírúurú àbùdá". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un wá, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ náà dùn ún pè, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹni tí ó bá sá di nǹkan ti rí ewu, ó ti gbéra, ó sì ti dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 21,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo àríwá Yúróòpù, tí omi òkun sì fi nǹkan bí 120 mítà relẹ̀ ju ti òní lọ, ọ̀pọ̀ ẹyẹ inú igbó ilẹ̀ náà kù sí ìhà Sípéènì, Ítálì àti Bálíkánì. Ẹnìkan lè sọ pé ẹyẹ ní ìyẹ́, ó sì lè fò lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni yìnyín fi rìn, kò sì sí ẹyẹ kan tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn tó láti rí i bí ó ti ń bọ̀. Lójú tèmi, àwọn ti àríwá ni ó ń dínkù láti ìran dé ìran títí wọ́n fi tán, tí àwọn ti gúúsù, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fi ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ibùṣẹ́kù", tí a ṣẹ̀dá gẹ́gẹ́ bí "ibùdó" àti "ibùsùn".

Ẹ tún wo igbó Amásónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1969, Jürgen Haffer, onímọ̀ ẹyẹ ará Jámánì, kọ̀wé pé nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú láyé àtijọ́, igbó náà já sí wẹ́wẹ́, àwọn ẹyẹ tí ó kù sínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì di ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn gidigidi lórí bí igbó náà ti já tó, n kò sì ní dá sí i níbí. Ṣùgbọ́n nínú èrò náà fúnra rẹ̀, ẹyẹ kò sá lọ síbì kankan, igbó ni ó ń sún kúrò lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣẹ́kù" gba ìtàn yìí, "sádi" kò gbà á.

Ní ti "àbùdá", ohun tí a fi ń dá nǹkan mọ̀ ni, ojú sì sábà máa ń rí i. Kannakánná tí ó dúdú látòkè délẹ̀ ń gbé ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú ń gbé ìlà-oòrùn, wọ́n sì pàdé ní Jámánì. Àbùdá wọn yàtọ̀ gedegbe, síbẹ̀ jíìnì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí a bá wá pe jíìnì ní àbùdá, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ gbólóhùn yìí? Mo fara mọ́ "jíìnì" bí a ti yá a. Bí ó bá sì jẹ́ bí jíìnì irú ẹyẹ kan ti jẹ́ onírúurú tó, èyí tí a lè wọ̀n, ni a ń sọ, "ìjónírúurú jíìnì" dára jù, láti ara "jẹ́ onírúurú", bí "ìjólóòótọ́" ti wá láti ara "jẹ́ olóòótọ́".

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí n kò tíì rí. Nígbà tí yìnyín yọ́, ìwọ̀nba ẹyẹ díẹ̀ láti ibùṣẹ́kù ni ó tún àríwá gbà, nítorí náà ìjónírúurú jíìnì àwọn ọmọ wọn níbẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti gúúsù. Àwọn kan ń pe irú ìdínkù bẹ́ẹ̀ ní "ọrùn ìgò" (ìyẹn "bottleneck" ti Gẹ̀ẹ́sì), ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mọ ohun tí ìgò ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ta ni ó ní èyí tí ó sàn jù?